Jabi tàbí Príncipe: Níbo Ni Kí Ará Abuja Ti Lọ Pẹja?

Ẹ gbé máàpù sílẹ̀, kí ẹ fi rúlà fa ìlà kan láti Abuja sí gúúsù tààrà. Ìlà náà yóò gba ẹ̀gbẹ́ Nsukka kọjá, yóò já sí òkun láàárín Bonny àti Opobo, kò sì ní kan ilẹ̀ kankan mọ́ títí yóò fi dé Príncipe, erékùṣù tó kéré jù nínú méjì tó so pọ̀ di orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní 800 kìlómítà. Bí a bá fi rúlà kan náà wọn Èkó, ó lé ní 500. Ìlú tí a kọ́ sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ kí ó má baà sún mọ́ ẹnikẹ́ni jù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí erékùṣù tó ń ta ìsinmi orí òkun fún àwọn ará Yúróòpù.

Bóyá ìyẹn ló fà á tí àwọn èèyàn ń fi béèrè lọ́wọ́ mi nípa ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n ń háyà níbẹ̀. Owó ìsinmi ti wà nílẹ̀ fún àwọn kan ní Maitama. Àwọn mìíràn ní Lugbe àti Kubwa ń dá àjọ kí wọ́n lè lọ lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó tó owó tí wọ́n ń gbà, nígbà tí ẹja wà ní adágún Jabi, tí kò ju owó táásì lọ láti ilé wọn. Èmi rí i pé a kò lè dáhùn àfi bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ní Jabi, ẹja ni wọ́n ń tà. Ní Príncipe, ibú ni wọ́n ń tà, àti ìmọ̀ ọkùnrin tó mọ ibú náà.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ibú bẹ̀rẹ̀. Òkè iná ló gbé àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn jáde. Bioko, Príncipe, São Tomé àti Annobón tò tẹ̀lé ara wọn láti Òkè Cameroon wọ inú òkun, ṣóńṣó wọn nìkan ló yọ sókè omi. Ti São Tomé ga ju 2,000 mítà lọ, ìdí rẹ̀ sì tún lọ jìnnà sísàlẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, etíkun ibẹ̀ kì í tẹ́ lọ gbọọrọ, ńṣe ló ń já wálẹ̀ wọ ibú. Ọkọ̀ kò ní pẹ́ kúrò ní èbúté kí ó tó bọ́ sórí omi jíjìn tó dúdú bí aró, níbi tí marlin, túnà, wahoo àti sailfish, ẹja tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà sókè bí ìgbòkun, ti ń wá oúnjẹ.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Niger àti àwọn odò tó kù ti ń kó ẹrẹ̀ dà sínú òkun láti àtayébáyé, ilẹ̀ abẹ́ omi sì tẹ́ lọ jìnnà kó tó dà sí ibú. Ó fẹ̀ púpọ̀ lápá Calabar, ó dín lápá Èkó, ṣùgbọ́n Èkó náà kò dà bíi Príncipe. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja ńlá láti Èkó yóò sun epo, yóò jókòó nínú ìgbì, yóò wo omi títí tí àwọ̀ ẹrẹ̀ yóò fi tán pátápátá kó tó ju ìwọ̀ kan sílẹ̀. Apá kan nínú owó tí erékùṣù ń gbà nìyẹn: wákàtí tí a ì bá fi rìn, ìpẹja ni a fi ń ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń pẹja náà kò rí bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò ó. Kò sí pé ẹnì kan jókòó, ó di ọ̀pá mú, ó ń retí. Ọkọ̀ kì í dúró. Ó ń lọ ní ìwọ̀n máìlì òkun mẹ́jọ tàbí kí ó sún mọ́ ọn ní wákàtí kan, ó ń wọ́ okùn mẹ́rin, márùn-ún lẹ́yìn, ìdẹ àtọwọ́dá tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, tí wọ́n fi iyẹ́ sí, sì ń bẹ lórí omi bí ẹja kékeré tó ń sá lọ. Ọ̀pá gígùn méjì nà síta lápá ọ̀tún àti òsì ọkọ̀ kí okùn má baà lọ́ mọ́ra. Wákàtí kan á lọ, méjì á lọ, kò ní sí ohun kan. Àwọn tí òòyì òkun máa ń mú ti ń bì nígbà yẹn. Ẹ máa wo ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run, ẹ má wo ilẹ̀ ọkọ̀. Oògùn tí ẹ kò bá lò kí ẹ tó wọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí inú bá ti dàrú.

Lójijì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ká okùn sí yóò pariwo. Ẹja ti gbé e. Ọmọ ọkọ̀ yóò sáré ká àwọn okùn yòókù wọlé, wọ́n á ti oníbàárà sórí àga tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á de bẹ́líìtì mọ́ ọn lára. Agbára kò tó nǹkan níbẹ̀, ọgbọ́n ni: ẹ gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn, bí ẹ bá ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ yára ká okùn. Bí ẹja bá sá, ẹ jẹ́ kó sá. Bíréèkì wà nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì sábà máa ń dè é mọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn, kí ẹja lè fà kí okùn má sì já. Atukọ̀ yóò máa fi ọkọ̀ ṣe ẹ̀yìn tọ ẹja náà lọ. Ó lè gba ìdajì wákàtí, ó lè gba wákàtí mẹ́ta. Marlin yóò fò jáde nínú omi, gbogbo ara rẹ̀ á hàn, yóò gbọn orí. Ẹni tó rí i nìkan ló lè mọ ìdí tí èèyàn fi ń sanwó fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ta ló pa ẹja náà? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń fi yọ àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ní fọ́tò lẹ́nu. Àjọ IGFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja tó tóbi jù lágbàáyé, ní òfin pé bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ọ̀pá nígbà tí ìjà ń lọ, àkọsílẹ̀ náà ti bàjẹ́. Lábẹ́ òfin yẹn ni Alfred Glassell fi gba ipò kìíní ní Cabo Blanco, ní Peru, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1953, pẹ̀lú marlin dúdú tó wọ̀n ju 700 kílò lọ. Kò tíì sí ẹni tó borí rẹ̀. Marlin búlúù tó tóbi jù ní òkun Àtìláńtíìkì, òkun tiwa yìí, wọ̀n tó 636 kílò, wọ́n sì mú un ní Vitória ní Brazil ní 1992. Orúkọ oníbàárà ni wọ́n kọ sílẹ̀. Atukọ̀ tó mọ ibi tí ìgbì méjì ti pàdé, tó rí àwọn ẹyẹ lókèèrè, tó mọ wákàtí tí túnà máa ń gòkè, kò sí nínú ìwé.

Ẹ fi Argungu wé e. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìpẹja ńlá náà ní Kebbi, nígbà tí Sultan Sokoto ṣàbẹ̀wò, UNESCO sì fi kún àkójọ àṣà àgbáyé ní 2016. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ni yóò bẹ́ sínú odò Matan Fada lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ pé yà sọ́tùn-ún. Ní 2020, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí ó fi dáwọ́ dúró, ẹja tó gba ipò kìíní wọ̀n tó 78 kílò. Bí ó bá jẹ́ ìyì ni a ń wọ̀n, 78 kílò ti Argungu wúwo lójú mi ju 200 kílò tí wọ́n fi ọkọ̀ tọ̀ lẹ́yìn lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò gbà, wọ́n ní ìlara ni.

Ó tó àkókò kí a bọ̀ sí Jabi. Adágún àfọwọ́ṣe ni. Wọ́n dí odò níbẹ̀ kí ìlú tuntun lè rí omi mu, kí dáàmù Lower Usuma lẹ́bàá Ushafa tó parí ní 1984. Láti ìgbà náà, ìlú ti yí i ká. Ilé ìtajà ńlá Jabi Lake Mall ṣí sí etí rẹ̀ ní 2015, ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì ń gbé ọmọdé yípo ní ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja wà níbẹ̀ síbẹ̀, nínú ọkọ̀ onígi tóóró. Wọ́n ń na àwọ̀n sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wọ́ ọ ní ìdájí. Epìyà àti àrọ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ ó rí ẹja tó ṣì ń jà nínú báàfù, ìyàwó ilé kan ń nájà, ẹnì kan ti dáná sí ẹ̀gbẹ́.

"Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín sun ún?"

Ìbéèrè yẹn kò sí ní Príncipe. Ẹni tó bá wá pẹja fún oúnjẹ ti ṣàṣeyọrí ní Jabi kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí Jabi kò bá sì tó, ọjà ẹja Kado wà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja odò àti ẹja òkun pọ̀, tí a lè yan àrọ̀ láàyè kí wọ́n pa á lójú wa. Mo mọ ẹni tó háyà ọkọ̀ ní erékùṣù kan, tó padà sí Abuja láìrí ìpẹ́ kan, tó wá ra kúta yíyan ní Kado láti fi fún àwọn ará ilé. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n yìn ín.

Ọ̀rọ̀ ẹja ta ni ó jẹ́ gan-an ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ fún ẹni tí kò bèèrè. Ní ọ̀pọ̀ èbúté lágbàáyé, ní Kona ní Hawaii fún àpẹẹrẹ, ọkọ̀ ló ni ẹja, oníbàárà kò ní in. Atukọ̀ yóò gé díẹ̀ fún yín, yóò ta èyí tó kù. Níbòmíràn, marlin kì í wọ inú ọkọ̀ rárá: wọ́n á gbé e sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á yọ ìwọ̀, wọ́n á fà á pẹ̀lú omi títí yóò fi mí dáadáa, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń rò pé wọ́n lù ú ní jìbìtì ni. Kí ni a wá ń bá ẹja jà sí, bí a kò ní jẹ ẹ́? Mo ti bá apẹja Ìlàjẹ kan sọ ọ́ rí, ẹni tó ti ń lọ sójú òkun láti kékeré. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè bóyá ẹni tó sanwó náà ya wèrè.

Síbẹ̀, níhìn-ín ni mo ti fara mọ́ àwọn tó ń ju ẹja sílẹ̀. Marlin búlúù tó bá tóbi, abo ni. Akọ kì í sábà ju 160 kílò lọ, nítorí náà gbogbo ẹja àwòyanu tí àwọn èèyàn ń lépa, tí wọ́n ń kọ́ sókè lórí òpó láti ya fọ́tò, ìyá ni, inú rẹ̀ ni ẹyin àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ti ń jáde. Ẹ pa á, ẹ ti pa ìran kan. Ẹran rẹ̀ náà kò sì dára tó bẹ́ẹ̀ láti fi bọ́ ọmọ, torí ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja mìíràn máa ń kó mákúrì jọ sára bó ṣe ń dàgbà. Epìyà Jabi kò ní wàhálà yìí. Ó ń bí lọ́pọ̀, ó ń yára dàgbà. Ẹni tó bá ní jíjẹ ni ẹja wà fún, kó jókòó sí adágún. Ẹni tó bá fẹ́ ìjà, kó ju alátakò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìjà bá parí.

Nípa owó, kò sí ìjà láàárín méjèèjì. Dobra, owó São Tomé, ni wọ́n ti so mọ́ Euro láti 2010, bí náírà wa bá sì mì, oníbàárà Nàìjíríà ló ń gbọ́ ọ. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti dá náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e, ẹni tó ṣe ìṣirò ìsinmi rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà yóò tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀nà náà kì í sì í ṣe tààrà bí ìlà rúlà wa. Ìlú ẹlòmíràn ni a sábà máa ń gbà yí kọjá. Ohun kan tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ ni pé iye ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe iye orí. Ẹni mẹ́rin tó bá pín in, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kálukú san. Ìdajì ọjọ́ sì tó fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí wákàtí kẹfà tó pé, apá á ti máa gbọ̀n.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, Èkó ńkọ́? Òótọ́ ni, àárín ni Èkó wà. Láti 1932 ni Lagos Yacht Club ti wà, Lagos Motor Boat Club náà kò sì kéré lọ́jọ́ orí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ sì máa ń jáde lọ pa marlin àti kúta. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ọjà. Ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ tó ní ọkọ̀, ojú ni yóò fi wò ó. Ààbò náà tún wà níbẹ̀. Ní 2020, nínú 135 òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun tí wọ́n jí gbé kárí ayé, 130 ni wọ́n jí ní ìhà Gulf of Guinea. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ láti ìgbà náà, nítorí òfin 2019 tó sọ jíjí ọkọ̀ òkun di ẹ̀ṣẹ̀ gidi àti ọkọ̀ ológun tí wọ́n kó jáde ní 2021, iye náà sì ti wá sílẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n inú òkun kan náà ni Príncipe wà, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò etíkun oníyanrìn funfun tàn yín.

Òkun kan náà, ní ti òfin pàápàá. Ní oṣù Kejì 2001, Nàìjíríà àti São Tomé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Abuja pé àwọn yóò jọ máa lo apá òkun tó wà láàárín wọn, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún wa, 40 fún wọn. Ọ́fíìsì àjọ tó ń bójú tó o wà ní Abuja níhìn-ín. Àdéhùn náà kò mọ sórí epo rọ̀bì, ó kan àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì tó kù nínú omi náà pẹ̀lú. Epo ni gbogbo ènìyàn sì ń sọ láti ìgbà yẹn. Ní oṣù Kẹjọ 2023 ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ tó ń rí sí òkun àti ọrọ̀ ajé orí omi sílẹ̀, tí wọ́n fi Gboyega Oyetola, ọmọ Ìràgbìjí, ṣe mínísítà àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ tí yóò mú owó wọlé láìlo àwọ̀n ńlá tó ń gbá ìsàlẹ̀ òkun, kí wọ́n fún àwọn ọmọ Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tó mọ omi yẹn ní ìwé àṣẹ atukọ̀ ìgbafẹ́, kí wọ́n yá wọn lówó ọkọ̀ tó láàbò, kí iye tí wọ́n ń gbà sì wà lára ògiri fún gbogbo ayé láti kà. Nígbà náà ni Èkó yóò tó wọ inú àfiwé yìí dáadáa.

Títí di ìgbà náà, ìdájọ́ mi kò le. Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, tàbí tí kò tíì di ọ̀pá ìpẹja mú rí, Jabi ló dára jù. Kó bá àwọn apẹja ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè bá wọn wọkọ̀ ní ìdájí, kó san ohun tó yẹ fún wọn láì nájà, kó wọ ẹ̀wù amúniléfòó bó tilẹ̀ jẹ́ pé adágún lásán ni. Yóò kọ́ bí a ṣe ń mọ ìwúwo ẹja lára okùn, èyí tí kò sí atukọ̀ erékùṣù tó máa ní àyè láti kọ́ ọ nígbà tí marlin bá ti gbé ìdẹ. Fún ẹni tó ti ṣe ìyẹn, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, Príncipe borí Jabi, ó sì borí Èkó, nítorí ibú tó wà létí ilẹ̀. Owó náà tọ́ sí i, bí kò bá ti retí ẹja nínú àpò rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀: ta ló ni ẹja tí a bá mú? Ṣé ẹ máa ń dá marlin sílẹ̀? Bí ojú ọjọ́ kò bá dára, ṣé ẹ ó dá owó padà tàbí ẹ ó yí ọjọ́ padà? Ẹ̀wù amúniléfòó mélòó ló wà nínú ọkọ̀, ṣé rédíò rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìkẹrin láì rojọ́, ẹ má bá a lọ.